Ọ̀rọ̀ Tí Mo Gé Lẹ́nu Ìyá Mi

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó pé ọmọ ogójì ọdún. Iṣẹ́ fídíò ìpolówó ni mo ń ṣe ní Ẹgbẹ́dá nígbà náà, nínú yàrá kan tó kọjú sí títì, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan tó máa ń gbóná bí ààrò àti kámẹ́rà tí mo máa ń háyà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn oníbàárà mi kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá. Oníbẹ́ẹ̀dì ni, oníbúrẹ́dì ni, ẹni tó ń ta bàtà ni. Gbogbo wọn ló fẹ́ kó rí bíi ti tẹlifíṣọ̀n, bẹ́ẹ̀ owó tí wọ́n ń mú wá kò ju ti ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù lọ.

Mo ti máa ń mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n tó jókòó. Ọ̀gá fẹ́ kí a rí òun níbi tí òun ti ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó pè é. Ọ̀gá fẹ́ kí mọ́tò òun hàn. Lẹ́yìn náà ni yóò wá ní, "Ẹ tún bá wa wá oníbàárà kan tó máa dúpẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó wọ́n jàre." Oníbàárà tó ń dúpẹ́ yìí gan-an ni ìpolówó láàárín wa. Kò sẹ́ni tó máa ra bẹ́ẹ̀dì torí pé ó dára lójú. Àfi kí ènìyàn gidi kan, tó bá ṣeé ṣe kó jẹ́ àgbà, sọ pé òun ti sùn lé e, ẹ̀yìn kò sì dun òun mọ́. Mi ò lówó òṣèré. Ìyá mi ni mo ní.

Tíṣà ni ìyá mi, ó ti fẹ̀yìn tì. Èkìtì ló ti wá sí Èkó, ó sì kọ́ ọmọ ní Ìgándò títí àwọn tó kọ́ fi ń mú ọmọ tiwọn wá bá a. Bí ẹnì kan bá pè é ní Tíṣà lójú títì, yóò dúró, yóò yọ awò ojú rẹ̀, yóò máa wo onítọ̀hún títí yóò fi rántí ibi tó máa ń jókòó sí ní kíláàsì. Irú ojú tí oníṣòwò ń wá nìyẹn. Àmọ́ ó ní òfin kan, òfin náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ohun tí òun kò bá tíì lò, òun kò ní jẹ́rìí sí i. Ó ní ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ẹ wá wo wàhálà. Oníbẹ́ẹ̀dì ní láti gbé bẹ́ẹ̀dì wá sílé wa, ìyá mi sì sùn lé e fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kó tó gbà láti sọ̀rọ̀. Ó wọ bàtà ẹnì kan láti Ẹgbẹ́dá dé Ṣáṣá, ó fẹsẹ̀ rìn padà, ó ní bàtà náà dára ṣùgbọ́n ó ń ha òun ní ọmọ ìka tó kéré jù. Ó jẹ búrẹ́dì oníbúrẹ́dì fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì sọ níwájú kámẹ́rà pé ṣúgà rẹ̀ ti pọ̀ jù. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní, "Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Kí n sọ pé kò pọ̀?" Inú máa ń bí mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń parí irú iṣẹ́ yìí láàárọ̀ ọjọ́ kan, èmi ń dúró kí ìyá mi sùn tó.

Bẹ́ẹ̀ òfin yìí kan náà ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ níyì. Bí àwọn ará àdúgbò bá ti gbọ́ nǹkan lẹ́nu Tíṣà, ó ti parí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn oníbàárà mi náà sì mọ̀.

Ọkùnrin kan tó ń gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù wá bá mi. Ó fẹ́ fídíò tó máa gbé lọ sí ìpàdé àwọn onílé ní Ìgándò. Ọjọ́ kan péré ni owó rẹ̀ ká. Ó mú èmi àti ìyá mi lọ sí àgbàlá kan tó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́. Wọ́n ṣí ẹ̀rọ, omi tú jáde, ó sì mọ́ lóòótọ́. Ìyá mi bu ú sí àtẹ́lẹwọ́, ó tọ́ ọ wò, ó kọjú sí kámẹ́rà, ó ní:

"Omi yìí mọ́ lónìí. Bó bá mọ́ báyìí di oṣù mẹ́ta sí i, a jẹ́ pé ẹni tó gbẹ́ ẹ mọṣẹ́."

Gbogbo àwa tí à ń gbé ní agbègbè yẹn la mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Omi ibẹ̀ a máa mọ́ níbẹ̀rẹ̀, tó bá yá, á wá máa pọ́n, á máa rùn bí irin tó dípẹtà. Ṣùgbọ́n ojú ọkùnrin náà fà ro. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí Màmá sọ ọ́ kó dùn díẹ̀ jàre. Ta ló ń fi 'bó bá' polówó ọjà?" Mo padà lọ bá ìyá mi. Ó ní òun ti sọ ohun tí òun rí, ó lọ jókòó lábẹ́ igi máńgòrò.

Mi ò lè dúró oṣù mẹ́ta. Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo dé ìdí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ kejì, mo gé e. Mo fi "Omi yìí mọ́" sílẹ̀, mo fi "ẹni tó gbẹ́ ẹ mọṣẹ́" tẹ̀lé e, mo sì fi àwòrán omi tó ń dà bo ojú ibi tí mo ti gé e, kí ẹni tó ń wò ó má bàa rí i pé ẹnu rẹ̀ fò. Mo sọ fún ara mi pé kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìyá mi kì í wo ara rẹ̀ nínú fídíò, ojú máa ń tì í, nítorí náà kò bi mí léèrè. Kásẹ́ẹ̀tì tí mo fi ya á, mo tún un lò fún ẹlòmíràn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe nìyẹn. Kásẹ́ẹ̀tì tuntun wọ́n.

Oṣù díẹ̀ kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin alágbàfọ̀ kan wá láti Ìgándò sílé wa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ìyá mi ló sì kọ́ àkọ́bí rẹ̀ ní ìwé kíkà. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi, ó tú ìdì kan tó gbé wá. Agbádá funfun ni, ti oníbàárà rẹ̀ kan tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ kírun Jímọ́ọ̀. Láti ọrùn dé ìṣẹ́tí, àbàwọ́n ló kún un, bí ẹni da tíì sí i.

"Tíṣà, mi ò bá ìjà wá o," ló wí. "Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé fídíò yẹn sí wa nípàdé, tí mo rí yín, mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́. Owó àjọ mi ni mo fi ní kí ọkùnrin yẹn wá gbẹ́ tèmi, omi rẹ̀ sì ti wá pọ́n báyìí. Ẹ̀yin lẹ ní ó mọṣẹ́, mà."

"Èmi?" ni ìyá mi wí. Lẹ́yìn náà ló yíjú wò mí. Ó ní kí obìnrin náà máa lọ, pé a máa wá bá a láàárọ̀ ọ̀la.

Nígbà tó lọ tán, ó ní kí n gbé fídíò náà sí i. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Èyí tó wà láàárín dà?"

"Mo gé e, mà."

"Gbé odindi rẹ̀ wá, ká mú un lọ fi hàn án."

Mo sọ fún un pé kò sí mọ́, pé mo ti ya nǹkan mìíràn lé e lórí. Ó jókòó, ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu awò ojú. Ká ló lù mí ni, ara ì bá tù mí.

Lórí ọ̀kadà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti to ohun tí mo máa sọ: èmi ni mo gé e, ìyá mi kò mọ nǹkan kan, ẹ dárí jì mí. Kò gùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ibẹ̀, a bá alága àwọn onílé lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, bàbá kan tó ti pẹ́ ládùúgbò. Onílé mẹ́ta mìíràn ló fẹ́ gbéṣẹ́ fún agbẹ́bọ́ọ̀hóòlù náà lọ́sẹ̀ yẹn, alága sì fẹ́ mọ ohun tí òun máa sọ fún wọn. Kò sí aṣọ kan lórí okùn alágbàfọ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń kó aṣọ wọn lọ síbòmíràn.

"Tíṣà, a mọ̀ yín," ni alága wí. "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ òótọ́. Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àbí àwọn tó ṣe fídíò ló tún un ṣe?"

Èmi ni ìbéèrè yẹn ń bá wí. Mo la ẹnu. Mo wá rántí pé bàbá yìí mọ púpọ̀ nínú àwọn oníṣòwò tó ń gbéṣẹ́ fún mi, pé bí ọ̀rọ̀ náà bá jáde, kò sẹ́ni tó tún máa pè mí ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́. Mo dá dúró díẹ̀. Kò ju kí ènìyàn gbé itọ́ mì lọ.

"Èmi ni mo sọ ọ́," ni ìyá mi wí. "Mo sọ ohun tí mi ò tíì mọ̀. Ẹ sọ fún àwọn mẹ́ta yẹn kí wọ́n má tẹ̀lé ọ̀rọ̀ mi."

Alágbàfọ̀ náà wolẹ̀. Ohùn alága kò le rárá. Ó ní, "Ẹ̀yin náà, Tíṣà." Ó dìde, ó lọ.

Ìyá mi sọ fún obìnrin náà pé kànga ilé wa mọ́, kó máa kó àwọn aṣọ funfun wá fọ̀ níbẹ̀. Obìnrin náà ní òun ti gbọ́, mà, ẹ ṣé. Kò wá.

Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo ti bẹ ìyá mi níwájú kámẹ́rà, n kò rí irọ́ kan ṣoṣo gbà lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ yẹn, ó pa á fúnra rẹ̀ nítorí mi. Mo dúró tì í, mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.