Ìka Fàòsíyà àti Kóró Inú Òwú

Ní Fìdítì, ẹni tí ó bá ń fẹ́ gààrí tí kò ní kókó, ọ̀dọ̀ Fàòsíyà ni yóò gbà lọ. Bí ó bá ti ń fi asẹ́ sẹ́ ẹ, ìka rẹ̀ a máa ṣà nínú rẹ̀ bí ẹnu adìẹ. Kò sí kókó tí í sá mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìka yìí kan náà ni ó bá kókó kan pàdé nínú ọyàn rẹ̀ òsì nígbà òjò ọdún 1976. Ó le, kò dùn ún, kò sì yẹ̀ nídìí. Kò tíì pẹ́ tí ó já ọmọ lẹ́nu ọmú, nítorí náà ó tan ara rẹ̀ pé omi ọyàn ni ó dì. Láràárọ̀ ni ó ń yọ́ òrí, tí ó ń fi ra á nínú balùwẹ̀. Kókó náà kò gbọ́.

Ẹ̀rù bà á dé egungun. Ohun tí ó pa ìyá rẹ̀ ní Awẹ́ nìyẹn. Yàrá ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbé ìyá sí. Àwọn ará ilé ń dímú kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, Fàòsíyà ọmọge nìkan ni ó ń gbé oúnjẹ wọlé. Títí wọ́n fi sin ín, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ àrùn náà. Wọ́n ní bí a bá pè é, yóò jẹ́.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn wá sí agbo ilé wọn. Olúbùsọ́lá, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ṣáájú wọn, dìde lábẹ́ igi máńgòrò.

"Ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọyàn ni a bá wá."

Àwọn obìnrin ta ìka lé orí. "Má pè é mọ́ wa lórí, ọmọ yìí!"

Àlàkẹ́, ìyáalé Fàòsíyà, ni ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ni yóò kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ ọyàn? Ọmọ mẹ́jọ ni tèmi ti bọ́. Tìrẹ ọsàn wẹ́wẹ́ ni, kò tíì pọ́n!"

"Ẹ jẹ́ kí n máa pọ́n lọ, ìyá mi," ni ọmọ náà fèsì, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ó fa àpò aṣọ kékeré kan yọ, tí wọ́n ki òwú bọ inú rẹ̀ kí ó lè rí bí ọyàn. "Kóró àgbálùmọ̀ kan wà níbí. Ẹ fi ìka wá a. Bí ẹ bá mọ bí ó ṣe rí, ẹ ó lè yẹ ara yín wò."

Àpò náà ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Nígbà tí ó kan Fàòsíyà, ìka rẹ̀ bà lé kóró náà lójú ẹsẹ̀, ó sì dúró gbagidi. Ó le. Kò yẹ̀.

"N kò rí nǹkan kan," ni ó wí, ó sì yára gbé àpò náà fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀rín pa rẹ́ lẹ́nu Àlàkẹ́. Ìgbà náà ni Fàòsíyà mọ àṣìṣe rẹ̀: ta ni yóò gbà pé ìka rẹ̀ kò rí kóró?

Ìyáalé fà á wọ ẹ̀yìn àtíbàbà gààrí. "Òórùn òrí ń pa mí ní balùwẹ̀ láràárọ̀. Ìyàwó, òsì ni àbí ọ̀tún?"

Fàòsíyà kúnlẹ̀. "Òsì ni, ìyá mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé mi sí ẹ̀yìnkùlé."

"Bí mo bá gbé ọ síbẹ̀, ta ni yóò bá mi sẹ́ gààrí?" Ẹnu rẹ̀ ń ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Èmi ni n ó bá baálé wa sọ ọ́."

Wọ́n pe Olúbùsọ́lá. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. "N kò lè sọ ohun tí ó jẹ́, ìyá mi. Dókítà ni yóò mọ̀ ọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, inú mọ́tò Ìbàdàn ni ìyàwó àti ìyáalé wà. Obìnrin tí ó jókòó tì wọ́n bèèrè bóyá ọjà ni wọ́n ń lọ.

Fàòsíyà kọjú sí i. "Ilé ìwòsàn ni. Wọ́n fẹ́ wò ó bóyá jẹjẹrẹ ni."

Ó ti pè é. Ó ń retí kí àrùn náà jẹ́. Ìró mọ́tò nìkan ni ó ń gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ tún ń lọ sí àyà. Àlàkẹ́ di ọwọ́ náà mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀.