Orúnkún Tuntun Ìyá Tíṣà

Rhoda kì í ṣe ẹni tí í jókòó pẹ́. Gbogbo ọdún tó fi kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní Esie, orí ìdúró ló ti kọ́ wọn, títí tí gbogbo ìlú fi ń pè é ní Ìyá Tíṣà. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ló san gbèsè ìdúró náà. Kí ó tó gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí i, kò sí òróró ìpara kan tí kò tíì rà, ọ̀pá ló sì fi ń tẹ̀ lọ sí oko iṣu rẹ̀. Nígbà tó yá, Fọlárìn ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́kọ́jà, wá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan. Wọ́n yọ oríkèé tó ti jẹ tán, wọ́n fi ti irin rọ́pò rẹ̀. Ó padà sílé pẹ̀lú wọ́kà, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí yóò máa dì mú rìn, àpá gígùn, àti ìkìlọ̀ pé kí ó máa dìde rìn, kí ó máa ká ẹsẹ̀ náà, kí ó sì máa nà án.

Ìkìlọ̀ náà dé ilé, ó bá Lábísí níbẹ̀.

Lábísí ni ìyàwó Fọlárìn, aránṣọ ni, ọmọ Òkè-Ọdẹ, aláàánú ẹ̀dá. Òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé. Níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ìyá ọkọ kì í bu omi mu fúnra rẹ̀ nígbà tí ìyàwó bá wà nílé, áńbọ̀sìbọ́sí ìyá ọkọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la orúnkún rẹ̀. Kí Ìyá Tíṣà tó gbé ọwọ́ lé wọ́kà báyìí, Lábísí á ti sáré kúrò nídìí máṣínnì: "Màmá, ẹ jókòó o! Kí lẹ fẹ́?" Omi á dé, oúnjẹ á dé. Póò pàápàá, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló fìdí kalẹ̀ sí. Nígbà tó wo ẹsẹ̀ náà lórí bẹ́ẹ̀dì, bó ṣe nà gbọọrọ láìní alátìlẹ́yìn, àánú ṣe é, ó sì ki ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹ̀bi ru ọmọ ọlọ́mọ. Ìyá Tíṣà gbádùn ìrọ̀rí náà. Ìrora tó wà nínú kí a ká irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń mú àgbàlagbà ké pe ìyá rẹ̀ tó ti kú. Ta ni kò ní fẹ́ ìrọ̀rí ju ìyẹn lọ?

Ọjọ́ tí wọ́n padà lọ rí fisió ní Òmù-Àrán ni àṣírí tú. Uwais ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlọrin. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa kọ́ oríkèé tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí bí yóò ṣe tún máa ṣiṣẹ́. Ó béèrè bóyá Màmá ń ṣe eré ìdárayá tí òun kọ́ wọn.

"À ń ṣe é," ni Ìyá Tíṣà wí, pẹ̀lú ojú tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fi máa ń sọ pé àwọn ti ka ìwé.

Uwais gbé ẹsẹ̀ náà. Kò nà tán, kò sì ká dáadáa. "Màmá, kí lẹ máa ń fi sábẹ́ ẹ̀ tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀?"

"Ìrọ̀rí ni," ni Lábísí dáhùn tayọ̀tayọ̀. "Èmi ni mo máa ń fi sí i."

"Wàláì, ìrọ̀rí yẹn ló ń ba iṣẹ́ wa jẹ́! Bí orúnkún bá ṣe sinmi ló ṣe máa gan. Tó bá gan, àwọn dókítà á tún kùn yín lóorun, wọ́n á wá fipá ká a. Bí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́, Màmá, ẹ ò ní lè gun àtẹ̀gùn, áńbọ̀sì kẹ́ ẹ dé oko. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dìde. Ohun tí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n lọ mú un fúnra wọn."

Bí wọ́n ṣe délé ni Lábísí bú sẹ́kún.

"Màmá, kí èmi jókòó kí ẹ máa bu omi? Wọ́n á ní torí Fọlárìn ò sí nílé ni. Wọ́n á ní ọmọ Òkè-Ọdẹ ń fi aláìsàn ṣiṣẹ́."

Òótọ́ ló sọ. Ẹnu ayé kò ṣe é bá jà. Wọ́n wá fẹnu kò pé ìkọ̀kọ̀ ni Màmá á ti máa dìde. Lábísí rán àpò aṣọ mọ́ wọ́kà kí Màmá lè máa fi gbé nǹkan. Ṣùgbọ́n ilé wo ni wọ́n ń tilẹ̀kùn lọ́sàn-án ní Esie? Bí àlejò bá ti ní "ẹ ǹlẹ́ ńlé o", Ìyá Tíṣà á tún sáré wọ́ padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Àlejò sì pọ̀ ju ìrìn lọ. Orúnkún náà ń le sí i, ìbẹ̀rù sì ń mú un, ìbẹ̀rù gidi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyá Tíṣà wà ní ilé ìdáná lẹ́yìnkùlé, Lábísí sì jókòó ní pálọ̀, ni Ìyá Rúùtù, tí òun àti Màmá jọ wà nínú ìjọ kan, kó àwọn ìyá ìjọ wọlé wá kí i. Lábísí ta gìrì, ó fẹ́ sáré lọ gbé e padà sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìyá Tíṣà gbọ́ ohùn wọn láti ilé ìdáná, ó sì rò ó. Ó rí oko rẹ̀ lójú ọkàn, ó rí tábìlì iṣẹ́ abẹ tí wọn yóò tún tẹ́ ẹ sí.

"Lábísí, jókòó!" Ohùn kíláàsì ló fi sọ ọ́.

Ó kó omi inú ọ̀rá sínú àpò wọ́kà. Àtẹ̀gùn kan wà láàárín ilé ìdáná àti pálọ̀. Ó gbé wọ́kà lé e, ó ká orúnkún náà, ó ké "Yéè!", ó sì gùn ún. Òógùn bò ó lójú.

"Háà! Lábísí!" Ìyá Rúùtù ti dìde. "Ìyá ọkọ ẹ ń gbé omi, o fìdí lélẹ̀?"

Lábísí di àga mú pinpin, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì dìde.

Ìyá Tíṣà kọjá lára àwọn àlejò. Ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé omi lọ. Lábísí fẹ́ kúnlẹ̀ gbà á, Màmá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ léjìká mọ́ àga.

"Èmi ni mo ní kó jókòó," ló sọ fún wọn. "Nínú gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe fún mi nínú ilé yìí, èyí ló le jù. Ẹ fi í sílẹ̀ kó ṣe é."