Bàbá Mi Lọ Kọ́ Èdè Ọwọ́

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí ibà líle kan dá mi dùbúlẹ̀ nílé wa ní Egan. Nígbà tí ara mi yá, mo ń rí ẹnu ìyá mi tó ń mì, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo rò pé wọ́n ń bá mi ṣeré ni. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó yé mi pé etí mi ti di pátápátá.

Káfíńtà ni bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Ìkòtún. Wọn kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n mú mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití lọ́nà Ìpájà, olùkọ́ ní àwọn òbí náà lè máa wá kọ́ èdè ọwọ́ lọ́sàn-án Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀. Gbogbo òbí ló mi orí pé àwọn gbọ́, wọ́n bá tiwọn lọ. Bàbá mi nìkan ló padà wá. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì àwa ọmọdé, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, lẹ́búlẹ́bú pákó ṣì wà nírun wọn.

Ìka wọn le bí ẹ̀ka igi. Nígbà kan tí wọ́n fẹ́ sọ pé ebi ń pa àwọn, ohun tí ọwọ́ wọn sọ ni pé ewúrẹ́ ni àwọn. Kíláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún un ṣe. Ohun tí wọ́n bá kọ́, wọ́n á fi kọ́ ìyá mi nílé.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìyá ọmọkùnrin kan ní kíláàsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ọ̀gá ńlá ni ní báńkì. Tẹ́lẹ̀, dírẹ́bà ló máa ń fi jíìpù gbé ọmọ náà. Bàbá mi sọ fún mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé àwọn bi í léèrè pé, "Ẹ má bínú o, mà. Ẹ lówó tẹ́ ẹ lè fi gba olùkọ́ sílé. Kí lẹ wá ń ṣe lórí bẹ́ńṣì yìí?"

"Mo ti gbà á rí," ni obìnrin náà fèsì. "Olùkọ́ yẹn ni ọmọ mi wá ń bá sọ̀rọ̀. Tí mo bá ti wọlé, á káwọ́ jọ. Nínú ilé mi, èmi gan-an ni mo yadi."

Nígbà tí báńkì fẹ́ gbé e lọ sí Àbújá, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní ti bàbá mi, ọjọ́ méjì tí wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ lé oníbàárà lọ. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ti kọ́lé. Àwa ṣì wà nínú yàrá méjì títí mo fi wọ yunifásítì.

Olùkọ́ ni mí lónìí, ọmọ obìnrin yẹn sì ń yàwòrán ilé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan wà tí òbí wọn lówó, tí ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ nílé. Títí dòní, ojú ń tì wọ́n láàárín èèyàn. Àwa méjèèjì kò mọ irú ìtìjú yẹn.

Lọ́dún tó kọjá, mo bímọ. Níbi ìsọmọlórúkọ, bí àfáà ṣe bẹ̀rẹ̀ wáàsí, bàbá mi dìde dúró síwájú mi, wọ́n ń fi ọwọ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Mo rí i tí àbúrò wọn kan fa aṣọ wọn pé kí wọ́n jókòó. Ìyá mi túmọ̀ èsì wọn fún mi: "Fi mí sílẹ̀ jàre! Ṣé kí ọmọ mi wá máa béèrè lọ́wọ́ èèyàn pé kí lorúkọ ọmọ òun ni?"

Nígbà tí àfáà dárúkọ, bàbá mi fi ìka kọ ọ́ fún mi, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ilé dúró dè wọ́n. Orí mi wú. Mo na ọwọ́ mi sókè, mo sì kọ orúkọ ọmọ mi sínú afẹ́fẹ́ kí gbogbo wọn rí i.