Èjìká Mi, Irin Oníṣìmẹ́ńtì, àti Ìbéèrè Màmá

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ bí díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí èjìká ọ̀tún mi fi ojú mi rí lọ́dún yìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Ẹ ó kúkú rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ yín.

Màmá mi ti dàgbà, orúnkún wọn ò gbé wọn mọ́. Ìyàwó mi ló ń tọ́jú wọn láàárọ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, èmi ni mo máa ń gbé wọn láti orí ibùsùn lọ sórí àga tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé wa ní Niangon, ní Yopougon. Wọ́n á jókòó síbẹ̀, wọ́n á máa wo àwọn obìnrin tó ń bọ́ sílẹ̀ nínú gbákà, bọ́ọ̀sì kékeré ìlú wa, tí wọ́n ń ti ọjà bọ̀ pẹ̀lú ẹrù. Àwọn náà ti ṣe é rí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ta abọ́ ní ọjà Siporex. Ìjókòó ìrọ̀lẹ́ yẹn nìkan ló kù tí wọ́n ń fojú sọ́nà fún láti àárọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi padà sídìí irin gbígbé. Mo rò ó pé bí Màmá ṣe ń dàgbà sí i, agbára tèmi gbọ́dọ̀ máa pọ̀ sí i. Iṣẹ́ mi ò sì ràn mí lọ́wọ́, iwájú kọ̀ǹpútà ni mo ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́ ní ilé ìkẹ́rù-sí kan. Ni mo bá lọ forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbé irin ní Siporex. Ibẹ̀ dára o! Dígí yí ògiri ká, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́, irin ń dán. Ṣùgbọ́n kálukú ti fi orin dí etí ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kí ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀ ni mo rántí irin tiwa.

Nígbà tí a wà lọ́mọdékùnrin, èmi àti Bàsírù, ọmọ àwọn ará Ìsẹ́yìn tó wà ní ilé kejì sí wa, la fi ọwọ́ ara wa ṣe irin. A tọrọ àjẹkù sìmẹ́ńtì lọ́wọ́ àwọn bíríkìlà, a dà á sínú agolo tòmátì ńlá méjì, a fi páìpù omi so wọ́n pọ̀. Agolo kan sì tóbi ju èkejì lọ! Bí o bá ti gbé e sókè, yóò máa fà ọ́ lọ sí apá òsì. Pákó lórí búlọ́ọ̀kù ni bẹ́ǹṣì wa. Dígí wa ni àwọn ọmọbìnrin tó ń wá pọn omi, tí wọ́n ń wo apá wa, tí wọ́n ń fi wá rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Yopougon, ṣé ẹ rántí irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀? Òórùn àlókò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń dín lójú ọ̀nà, rédíò tó ń ké nílé aládùúgbò, eruku sìmẹ́ńtì ní àtẹ́lẹwọ́ wa. Nígbà mìíràn, mo máa ń fẹ́ padà síbẹ̀ débi pé àyà á máa dùn mí.

Lọ́jọ́ kan, Bàsírù nìkan ló wà lábẹ́ irin. Mo ti lọ ra búrẹ́dì. Ọwọ́ rẹ̀ rẹ̀ ẹ́, irin wá jókòó lé e láyà, kò lè pariwo. Ọlọ́run ló ní kí Màmá ti ọjà dé lásìkò yẹn. Wọ́n da agbada abọ́ orí wọn sílẹ̀, abọ́ fọ́n káàkiri àgbàlá, wọ́n sì gbé irin yẹn kúrò láyà rẹ̀. Ṣé wọ́n gbá wa létí? Ẹ tún ń béèrè!

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣòfin. Wọ́n ní ní Siporex, bí obìnrin ti wù kó lágbára tó, kì í dá gbé agbada abọ́ lé orí ara rẹ̀, yóò ké sí ẹnì kan kó wá bá òun gbé e rù. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ irin nílé àwọn àfi tí ẹlòmíì bá dúró lẹ́yìn orí rẹ̀, tó na ọwọ́ sílẹ̀ de irin.

Láti ọjọ́ náà, tí Màmá bá ti gbọ́ ìró irin láti ilé ìdáná, wọ́n á kígbe pé, “Ta ló wà lẹ́yìn ẹ?”

Ẹni tó dúró gbọ́dọ̀ dáhùn pé, “Èmi ni, Màmá!” Bí wọn ò bá gbọ́ ìdáhùn, wọ́n á yọ síta pẹ̀lú ọmọ orógùn lọ́wọ́. Bàsírù a máa dáhùn tòun ti búrẹ́dì lẹ́nu!

Ẹ jẹ́ ká padà sí Siporex. Èmi arúgbó ọmọ yìí, ìwọ̀n tí mo ń gbé nígbà tí mo wà léwe ni mo tún fẹ́ gbé. Mi ò mú ara gbóná kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ń gbé ọ̀pá irin sókè láti ẹ̀yìn ọrùn, bí a ṣe ń ṣe é láyé ìgbà yẹn. Àyà nìkan ni mo ń kọ́, mi ò bìkítà fún ẹ̀yìn. Ó kọ́kọ́ ń ta mí pín-ín ní orí èjìká. Mo ní kò sí nǹkan kan. Nígbà tó yá, wíwọ ṣẹ́ẹ̀tì dogun, mi ò lè fi apá ọ̀tún sùn.

Mo fi omi gbígbóná jó o. Mo fi òrí pa á. Mo tún ní kí ẹnì kan níbi iṣẹ́ bá mi fa apá náà kí oríkèé lè wọlé. Ó fà á lóòótọ́. Igbe tí mo ké lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà lẹ́nu géètì sáré wá.

Mi ò sì sọ fún Màmá. Ìyàwó mi á ní kí òun bá mi gbé wọn, èmi á ní rárá, ṣé èmi kì í ṣe ọkùnrin ni? Màá di eyín, màá gbé wọn, màá tún máa rẹ́rìn-ín.

Títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Mo ti gbé wọn kúrò lórí ibùsùn nígbà tí apá ọ̀tún mi kàn dẹ̀ wọ̀ọ̀. Màmá gbá ọrùn mi mú. Mo fi ẹ̀yìn ti ibùsùn, àwa méjèèjì sì rọra yọ̀ wálẹ̀ títí a fi jókòó sórí táìlì, wọ́n wà lórí ẹsẹ̀ mi. Ọpẹ́ ni f’Ọ́lọ́run, wọn ò fara pa. Èmi ni mo ń sunkún.

Wọ́n wò mí títí. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bi mí pé kí ló ṣe mí. Wọ́n ní, “Làmídì, ta ló wà lẹ́yìn ẹ?”

Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń gbọ́ bí mo ṣe ń di eyín, pé àwọn kàn ń dúró kí n sọ ọ́ ni.

Màmá ò jókòó síta ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Inú yàrá ni wọ́n ti ń gbọ́ ìró gbákà. Ìyẹn dùn mí ju èjìká lọ.

Mo lọ rí kiné, ọmọbìnrin kan tó mọ̀ nípa iṣan àti oríkèé. Ó gbé apá mi síwá sẹ́yìn. Nígbà tí mo sọ ti omi gbígbóná àti fífà fún un, ó di orí mú. “Tonton, pardon, faut plus laisser quelqu’un tirer ça!” Pé kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á mọ́.

Ó ní kò já, iṣan tó so èjìká ró ló wú, tí eegun ń fún un mọ́lẹ̀ nígbàkigbà tí mo bá gbé apá kọjá orí. Kí n sinmi gbígbé nǹkan sókè, kí n má tún gbé irin láti ẹ̀yìn ọrùn mọ́ láyé, ṣùgbọ́n kí n má so apá rọ̀ o, torí oríkèé tí a kò bá lò á gan. Ó fún mi ní rọ́bà tí mo ń fà láràárọ̀, ìgunpá á lẹ̀ mọ́ ìhà, ọwọ́ á máa yí síta díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí n kọ́ ẹ̀yìn bí mo ṣe ń kọ́ àyà, kí n máa mú ara gbóná, kí n sì dúró níbi tí ìrora bá ti bẹ̀rẹ̀. Bí apá bá kú tipiri tàbí tí kò gbéra mọ́ rárá, ó ní ọ̀dọ̀ dókítà ni kí n gbà lọ kíá.

Mo wá béèrè nípa gbígbé Màmá. Ó ní, “Ah non, tonton, pas seul!” Pé èmi nìkan ò gbọ́dọ̀ dá gbé wọn mọ́.

Bí mo ṣe jáde níbẹ̀, mo pe Bàsírù. Ó ń ta páàtì ọkọ̀ ní Siporex báyìí. Ó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Faransé ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀. “Mon vieux, yako! C’est maintenant tu m’appelles?” Ó ń kí mi pẹ̀lẹ́, ó ní ṣé ìgbà yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń pe òun.

Ó dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun àti ikùn rẹ̀ ńlá. Ó kọjá sẹ́yìn Màmá, ó ki ọwọ́ sí wọn lábẹ́ apá. Èmi mú itan wọn, mo lẹ ìgunpá mọ́ ìhà. Bí a ṣe fẹ́ gbéra, Màmá kígbe láàárín wa, ohùn ilé ìdáná àtijọ́ gan-an: “Làmídì, ta ló wà lẹ́yìn ẹ?”

Bàsírù ò sọ Faransé o! Ó ní, “Èmi ni, Màmá!” Ẹ̀rín pa wá débi pé a ní láti gbé Màmá padà sórí ibùsùn ká tó tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n jókòó síta lọ́jọ́ náà títí gbogbo gbákà fi tan iná.

Èjìká mi ti ń sàn, kò tíì pé. Mo ti padà sídìí irin, ìwọ̀n fẹ́ẹ́rẹ́, mo sì máa ń yọ nǹkan orin létí ẹni tó wà nítòsí kó lè wá dúró tì mí. Bí Bàsírù ò bá ráàyè wá nírọ̀lẹ́, ìyàwó mi ló ń bá mi gbé Màmá, mi ò sì jiyàn mọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ìrora tí a bá fi pamọ́, ẹni tí a fẹ́ràn ni yóò bá wa ṣubú. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni èjìká tàbí orúnkún ti fìyà jẹ rí? Kí lẹ ṣe sí i? Ẹ kọ ọ́ síbí, Màmá ní kí n máa kà á fún àwọn lórí àga wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wọ abẹ́ irin lọ́la, ẹ kọ́kọ́ dá wọn lóhùn ná: ta ló wà lẹ́yìn yín?