Kẹ̀kẹ́ Hafsoh ní Òkè Ọ̀kà

Bí Hafsoh bá ti ń gun òkè Ọ̀kà, ńṣe ni kẹ̀kẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe bí ẹni pé wọ́n so ó mọ́ igi. Abdulrazaq, àbúrò ọkọ rẹ̀, á ti lọ jìnnà sókè, á máa bojú wẹ̀yìn, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ló kọ́kọ́ bí Hafsoh nínú.

Obìnrin yìí kì í ṣe ọ̀lẹ o. Tíṣà ni ní Ìkàrẹ́, ọmọ Ìpè ni, kẹ̀kẹ́ ló sì fi ń ru iṣu bàbá rẹ̀ bọ̀ láti oko kó tó lọ́kọ. Nígbà tí kóòṣì eré kẹ̀kẹ́ kan ní òun ń wá obìnrin kan ṣoṣo tí yóò lọ sí eré kẹ̀kẹ́ ní Àkúrẹ́, tí òun yóò sì wo gbogbo àwọn tó bá fẹ́ lọ lórí òkè Ọ̀kà ní Sátidé, ọkàn Hafsoh lọ síbẹ̀ pátápátá. Jimoh, ọkọ rẹ̀, ra kẹ̀kẹ́ onítáyà ńlá fún un níṣojú mọ̀lẹ́bí. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn ará Ìpè kóra wọn wá dúpẹ́, wọ́n ṣàdúrà títí Jimoh fi làágùn. Abdulrazaq, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ni Jimoh ní kó máa bá a jáde láràárọ̀.

“Bọ̀dá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo kẹ̀kẹ́ yìí. Ó ń wúwo,” Hafsoh sọ fún Abdulrazaq.

“Kò sóhun tó ṣe kẹ̀kẹ́, ìyàwó wa. Òkè ni ò tíì mọ́ yín lára. Ẹ ò ṣe jẹ́ ká máa gùn ún lọ sí Ugbe jẹ́ẹ́jẹ́, níbi tí ọ̀nà ti tẹ́jú?”

Kí ló dé tí Abdulrazaq kì í fẹ́ kí ẹlòmíì gbé kẹ̀kẹ́ náà jáde láàárọ̀? Kí ló dé tó jẹ́ pé tí òun bá ti bi í léèrè, ọ̀rọ̀ Ugbe ló kàn? Inú Hafsoh ò lélẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé wo ni yóò wojú ọmọ tó bá nílé ọkọ, kó ní irọ́ ló ń pa? Ó gbé e mì, ó ń ṣọ́ ọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n pàdé bàbá àgbà kan lórí òkè tó mọ ìyá Abdulrazaq. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, bàbá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Hafsoh gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sókè, ó yí táyà. Ó yí díẹ̀, ó dúró. Ó yí ti Abdulrazaq, ìyẹn ń yí lọ ràì. Ó fọwọ́ kan bíréèkì tirẹ̀: rọ́bà rẹ̀ ti fún mọ́ irin táyà, ó sì gbóná bí ọmọrí ìkòkò. Ẹnìkan ló fún un bẹ́ẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Wọ́n délé. Ó ti kẹ̀kẹ́ náà lọ síwájú Jimoh.

“Dádì Nafisah, ẹ bá mi bi Bọ̀dá Kékeré, kí ni mo fi ṣe wọ́n tí wọ́n fi ń fún bíréèkì mi?”

Abdulrazaq ò wo Hafsoh. Jimoh ló ń wò.

“Bọ̀dá mi,” ó ní, “mo ṣáà ti ní kẹ́ ẹ sọ fún un.”

Jimoh fọwọ́ nu ojú. “Mi ò lè kọ̀ níṣojú mọ̀lẹ́bí, àwọn èèyàn ẹ sì ti wá dúpẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ní kó o má gùn ún mọ́? Mo rò pé ó máa sú ẹ ni. Èmi ò fẹ́ ìyàwó tó ń bá kóòṣì lọ sí Àkúrẹ́. Mi ò mọ ohun tó ń fa àwọn obìnrin lọ síbẹ̀.”

Ó dun Hafsoh wọ egungun. Ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ló ti ń fura sí látọjọ́ yìí.

“Lálaalẹ́ ni mo ń sọ fún yín pé ẹsẹ̀ mi ò dáa,” ó ní. “Ẹ̀yin náà lẹ ń fi òrí gbígbóná ra ẹsẹ̀ náà fún mi.”

Hafsoh na ọwọ́ sí Abdulrazaq fún sípánà, ìyẹn sì gbé e fún un láìwo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.