Ìkúnlẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ní ọ̀sán Sátidé, àbíkẹ́yìn mi obìnrin ń gbá fọ́líbọ́ọ̀lù nílé ìwé rẹ̀ ní Wakefield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bọ́ọ̀lù ró pà lápá rẹ̀, ọkàn mi sì fò lọ sí Ìbàdàn.

Kóòṣì ará Rọ́ṣíà kan ló ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ìpínlẹ̀ wa nígbà náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó fẹ́ yan ẹgbẹ́ tuntun, Màmá fà mí lọ́wọ́ lọ sí pápá, láti lọ mú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wálé.

“Ṣòkòtò péńpé níwájú òyìnbó! Ó yá, nílé!”

Bí kóòṣì ṣe dé nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ lórí erùpẹ̀ gbígbóná. “Ẹ káàsán, sà.” Kóòṣì ju bọ́ọ̀lù sí i. Lórí ìkúnlẹ̀ yẹn náà ló ti na apá méjèèjì. Pà! Bọ́ọ̀lù padà sọ́wọ́ ẹni tó jù ú.

“O káre!” ni kóòṣì pariwo.

Mo bú sẹ́rìn-ín. “Màmá, kò mọ̀ pé wọ́n ń kí òun ni!”

Màmá náà rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi ṣì ń kúnlẹ̀ nínú ṣòkòtò péńpé. Kó máa gbá a.”

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé ọkùnrin náà ti pẹ́ láàárín wa, ó mọ ìkí dáadáa, ó sì ti rí Màmá lẹ́bàá pápá kó tó ju bọ́ọ̀lù náà.

Ní Wakefield, ọmọ mi bojú wẹ̀yìn wò mí. Èmi tí kì í pariwo, mo dìde dúró: “O káre!”