Ìyókù Ọ̀rọ̀ Bàbá Nọ́ọ̀sì

Kò sí ogun kan láyé yìí tí ọkùnrin náà kò ní ohun tí yóò sọ sí i. Bó bá ti ń ti aláìsàn lọ lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn títí dé yàrá iṣẹ́ abẹ, ni yóò máa sọ ti àwọn orílẹ̀-èdè méjì tó ń ju bọ́ǹbù lu ara wọn lókè òkun: ta ló jẹ̀bi, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé ìbọn sílẹ̀, ibo ló yẹ kí wọ́n fa ààlà gbà. Àwọn aláìsàn fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Kí ẹni tí àyà rẹ̀ ń já tó mọ̀ pé òun ti dé ẹnu ọ̀nà tí òun ń bẹ̀rù, ogun ti parí.

Dẹ́rẹ́bà ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bó bá fẹ́ yà ní kọ̀rọ̀ yóò fi ẹnu fọn fèrè bí ọkọ̀, kí àwọn èèyàn lè bì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ti jáde ilé ẹ̀kọ́ tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin nínú ilé ìwòsàn yẹn kan náà, àwọn nọ́ọ̀sì ti yí orúkọ náà padà. Bàbá Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá pè é lẹ́ẹ̀kan, yóò ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí wọ́n lè tún un pè.

Kì í ṣe ogun nìkan ló máa ń dá sí. Bí ilé aṣòfin bá ṣe òfin tuntun, yóò túmọ̀ rẹ̀ fún ọkùnrin tó ń tọ́jú yàrá oògùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí àìsàn kan bá bẹ́ sílẹ̀ níbikíbi, ó ní ohun tó yẹ kí mínísítà ìlera ṣe, ó sì ní ohun tí mínísítà náà yóò ṣe dípò rẹ̀. Nílé, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ máa ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Bó bá ti sú u, á ní, "Bàbá Nọ́ọ̀sì, gbogbo àwọn ààrẹ yẹn ti lọ sùn o. Ẹ jẹ́ kí àwa náà lọ sùn."

Ohun tó bí ìyanṣẹ́lódì àwọn nọ́ọ̀sì kò ṣòroó ṣàlàyé. Ìbọ̀wọ́ tán nílé ìwòsàn. Àwọn nọ́ọ̀sì kọ̀wé, ìjọba ní ó ń bọ̀. Wọ́n tún kọ̀wé, wọ́n ní kí wọ́n ṣì máa lo ohun tó bá wà. Ohun tó wà ni ọ̀rá búrẹ́dì. Àwọn nọ́ọ̀sì ń kó ọ̀rá búrẹ́dì wá látilé, wọ́n ń fi rọ́bà dè é mọ́ ọrùn ọwọ́, wọ́n sì ń fi í fọ egbò. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀rẹ́ ọmọ Bàbá Nọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín nítorí pé kò sí ohun tí kì í pa á lẹ́rìn-ín, ń fọ egbò obìnrin kan lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rá ya mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí òun náà fi dùbúlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù tó ti ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dórí bẹ́ẹ̀dì ni àwọn nọ́ọ̀sì bọ́ síta, tí wọ́n sì jókòó sábẹ́ ìbòòji lẹ́bàá géètì.

Ìjọba kò ra ìbọ̀wọ́. Ilé ẹjọ́ ni wọ́n sáré lọ. Wọ́n ní òfin kan wà tó ní òṣìṣẹ́ ìlera kò gbọdọ̀ da iṣẹ́ sílẹ̀ bó ti wù kó rí, wọ́n sì pe àwọn olórí ẹgbẹ́ lẹ́jọ́, kí wọ́n lè lé wọn lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sì gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ wọn. Ọmọ Bàbá Nọ́ọ̀sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Bàbá Nọ́ọ̀sì ti bàbá arúgbó kan tí kò lè mí dáadáa dé wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, tí kò bá ẹnì kan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì wà, aṣọ funfun wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n kò sí èèyàn. Arúgbó náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Bàbá Nọ́ọ̀sì dúró tì í, kò rí ogun kankan sọ, títí dókítà kan fi sáré dé pẹ̀lú òógùn lójú. Nígbà tó jáde síta, ó ń dá nìkan sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin kan láti ilé iṣẹ́ rédíò sì nìyẹn, ó na máíkì sí i, ó béèrè ohun tó rò nípa ìyanṣẹ́lódì náà.

Ohun tó sọ nìyí: "Ó dùn mí pé àwọn nọ́ọ̀sì fi aláìsàn sílẹ̀. Bàbá arúgbó kan ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọwọ́ mi mú bí ọmọdé, kò sí ẹni tó máa tọ́jú ẹ̀. Kò dáa. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí léèrè ta ló kọ́kọ́ fi aláìsàn sílẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé ìbọ̀wọ́ ò sí, tó ní kí wọ́n máa fi ọ̀rá búrẹ́dì fọ egbò, tó jẹ́ pé bí orí bá fọ́ òun fúnra ẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú ló máa wọ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà, òun ló kọ́kọ́ da iṣẹ́ sílẹ̀. Òun ló yẹ kí wọ́n pè lẹ́jọ́."

Inú rẹ̀ dùn sí ọ̀rọ̀ náà. Láti ìgbà tó ti ń sọ̀rọ̀ láyé, kò tíì sí ẹni tó na máíkì sí i rí. Ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, ó sọ fún ọkùnrin tó ń tọ́jú yàrá oògùn, ó sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ géètì. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé rédíò sórí tábìlì ìránṣọ, ó sì ní kí ìyàwó òun dá ẹ̀rọ dúró.

Ohùn rẹ̀ jáde lóòótọ́. "Ó dùn mí pé àwọn nọ́ọ̀sì fi aláìsàn sílẹ̀. Bàbá arúgbó kan ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọwọ́ mi mú bí ọmọdé, kò sí ẹni tó máa tọ́jú ẹ̀. Kò dáa." Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó ń ka ìròyìn bọ́ sórí ogun òkè òkun. Bàbá Nọ́ọ̀sì kò kúrò nídìí rédíò. Ó rò pé bí wọ́n bá parí ti ogun, wọn yóò padà sọ́dọ̀ òun. Wọ́n parí ti ogun, wọ́n sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, wọ́n kọrin.

Ìyàwó rẹ̀ pa rédíò. "Ṣé ibi tẹ́ ẹ bá a dé nìyẹn?"

Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó ní ìyókù ṣì wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìyókù fún un. Obìnrin náà ní òun kọ́ ló yẹ kó máa sọ ọ́ fún. Bàbá Nọ́ọ̀sì pe ọmọ wọn. Fóònù dún títí ó fi ké. Ó tún un pè, wọ́n pa á mọ́ ọn létí.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tó ń kọjá lẹ́bàá géètì, kò sí ẹni tó pè é ní Bàbá Nọ́ọ̀sì nínú àwọn tó jókòó sábẹ́ ìbòòji. Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin àgbà kan tó ti máa ń fi oúnjẹ pa mọ́ fún un, wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Dẹ́rẹ́bà, ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. "Ẹ̀yin nìkan lẹ kù tó fẹ́ràn aláìsàn." Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. Ọmọ rẹ̀ wà láàárín wọn. Bébà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló tẹjú mọ́.

Nígbà tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, lọ́yà ìjọba gbé ohùn náà sétí adájọ́. Ó ní kí ilé ẹjọ́ gbọ́, òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wọn ni, tálákà bíi tiwọn, kì í ṣe ìjọba ló rán an níṣẹ́. Ìwé ìròyìn gbé e ní gàdàgbà: Òṣìṣẹ́ Ilé Ìwòsàn Bẹnu Àtẹ́ Lu Àwọn Nọ́ọ̀sì. Bàbá Nọ́ọ̀sì kà á nínú yàrá aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó máa ń jókòó sí, ó ká ìwé náà, ó jù ú nù, ó sì gba ilé iṣẹ́ rédíò lọ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

Yàrá tí wọ́n mú un wọ̀ tutù bí inú fíríìjì. Wọ́n ti fi fóòmù lẹ gbogbo ògiri rẹ̀, bí ẹni pé ará ibẹ̀ máa ń forí gbá ògiri. Olóòtú ìròyìn, ọkùnrin kan tó gbé jígí ojú sí àárín orí, ní kí bàbá jókòó, kí bàbá mu omi tútù. Bàbá kò jókòó, kò mu omi. Ó ní ìyókù ọ̀rọ̀ òun lòun wá gbà.

Olóòtú ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ náà gùn, àkókò sì kúrú, pé bí àwọn ti fẹ́ gbé e lọ ni ìròyìn wọlé pé wọ́n ti ju bọ́ǹbù mìíràn lókè òkun.

"Ṣé ogun yẹn ló jẹ ìyókù ọ̀rọ̀ mi?"

"Ẹ ṣáà lè sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá."

Ó béèrè ibi tí wọ́n tọ́jú ìyókù sí. Wọ́n ní wọ́n ti pa á rẹ́. Ọmọbìnrin tó na máíkì sí i lọ́jọ́sí dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò lè wo ojú rẹ̀, òun ló sì dábàá pé kí bàbá tún un sọ. Bàbá tún un sọ. Olóòtú ní ó gùn. Bàbá gé ti arúgbó kúrò, olóòtú ní ó ṣì gùn, àti pé kó yọ ti ọkọ̀ òfuurufú, ìyẹn ti ń dà bí èébú. Ó yọ ọ́. Olóòtú ní kó má sì dárúkọ ẹni tó yẹ kí wọ́n pè lẹ́jọ́, nítorí ẹjọ́ ṣì wà níwájú adájọ́. Bàbá Nọ́ọ̀sì wo ohun tó kù lẹ́nu ara rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ó jáde. Ní gbogbo ọ̀nà, ara rẹ̀ ń gbóná. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ló ti ń bá wọn dá sí ogun tí wọn kò fi lọ̀ ọ́. Ó ti ṣàánú àwọn tí kò mọ̀ rí, ó ti bá wọn bínú sí àwọn ọ̀gágun wọn. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí òun náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, wọ́n ní kó bọ́ sẹ́yìn.

Ìyàwó rẹ̀ ló ní kó yé wá ẹni tí yóò gbé ọ̀rọ̀ náà jáde, kó lọ sọ ọ́ fún ẹni tó ni ín. Ó lọ. Yàrá kan àti pálọ̀ ni ọmọ rẹ̀ ń gbé. Aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí okùn, ó mọ́, kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ bó ti yẹ, ó fún un ní àga, ó dúró.

"Wọ́n gé e, ìyá mi. Mo sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Mo mọ̀ pé wọ́n gé e. Ọ̀rọ̀ yín kì í mọ níwọ̀n bẹ́ẹ̀." Kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, èyí tí wọ́n gé kọ́ ló ń dùn mí. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ ńkọ́? Ṣé ohùn ẹlòmíì ni?"

Ó fẹ́ yí ọ̀rọ̀ náà padà. Kò rí bó ṣe máa yí i. "Èmi ni mo sọ ọ́. Bàbá yẹn di ọwọ́ mi mú. Òótọ́ ni mo sọ."

"Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣé ẹ rò pé àwa ò mọ̀ pé kò dáa ni? Láràárọ̀ ni mò ń gba ẹ̀yìn wọlé lọ wẹ Ẹlẹ́rìn-ín, kí n tó wá jókòó síta. Tí mo bá ti ń kọjá, gbogbo bẹ́ẹ̀dì ló ń pè mí. A mọ̀ ọ́n jù yín lọ." Ó nu ojú pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Ṣùgbọ́n ojú yín ló ṣe. Ẹ rí ọ̀rá lọ́wọ́ mi. Kí ló dé tí ìbọ̀wọ́ ò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín?"

Bàbá rẹ̀ tẹjú mọ́ aṣọ funfun tó wà lórí okùn. Ọmọ náà sọ fún un pé Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń padà sí kóòtù, pé bó bá fẹ́ wá, òun kò ní kó má wá.

Lọ́jọ́bọ̀, àwọn akọ̀ròyìn ti kún orí àtẹ̀gùn kóòtù. Àwọn nọ́ọ̀sì ń gòkè lọ, ọmọ rẹ̀ wà níwájú, òun ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ lọ̀. Ọmọbìnrin rédíò dá a mọ̀, àwọn tó kù sì rọ́ tẹ̀ lé e. Ó béèrè bóyá bàbá ṣì dúró lórí ohun tó sọ.

"Kò sí ìbọ̀wọ́," Bàbá Nọ́ọ̀sì ní.

Ẹlòmíràn béèrè bóyá ó yẹ kí òfin mú nọ́ọ̀sì tó bá da iṣẹ́ sílẹ̀.

"Kò sí ìbọ̀wọ́."

"Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ sọ pé kò dáa."

"Kò sí ìbọ̀wọ́."

Ọ̀kan nínú wọn tó fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní òun gbọ́ pé bàbá mọ̀ nípa ogun gan-an, kí ni bàbá wá rí sí ti òkè òkun. Ẹnu yún Bàbá Nọ́ọ̀sì. Ó mọ ibi tó yẹ kí wọ́n fa ààlà yẹn gbà, ó ti rò ó já. Ó wo máíkì náà.

"Kò sí ìbọ̀wọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ ti dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ti yíjú padà. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá, ó di apá bàbá rẹ̀ mú, wọ́n sì jọ wọlé.

Adájọ́ kò dá ẹjọ́ náà. Lọ́yà ìjọba bẹ̀bẹ̀ fún àyè sí i, adájọ́ sì sún un síwájú, pẹ̀lú ohùn ẹni tí ebi ń pa. Láti kóòtù, ọmọ náà kò lọ sílé. Ó gba ẹ̀yìn ilé ìwòsàn wọlé, bàbá rẹ̀ sì tẹ̀ lé e dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ẹlẹ́rìn-ín, tó la ojú, tó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín sí wọn. Omi wà nínú abọ́. Ọmọ náà mú ọ̀rá búrẹ́dì kan nínú àpò rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, ó di ẹnu rẹ̀ mú, ó gbé e sétí bóyá ó ń jò. Ó ń jò. Ó jù ú nù, ó mú òmíràn.

"Gbé e wá," bàbá rẹ̀ ní. Ó gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sẹ́nu, ó sì fẹ́ ẹ.